Alàgbà Wọn-Ò-Ṣe-Irú-Rẹ̀-Mọ́

Agbára káká ni ẹni tí ó bá mọ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Maryland, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó múlé gbe Washington, yóò fi sọ pé òun kò tíì pàdé Alàgbà yìí rí: ọkùnrin tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, tí ó kọ́lé, tí ó tọ́ ọmọ yanjú, tí gbogbo ayé sì rò pé abẹ́ ìbòji ni yóò ti máa naju lọ́jọ́ ogbó, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé abẹ́ ògbólógbòó katakata ìgékoríko ni a ó bá a ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan yọ síta, tí ohùn rẹ̀ sì ń ti ìsàlẹ̀ irin wá pé, "Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́!"

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ koríko fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àrà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilé bàbá tí ó bí Alàgbà, iyì ilé ni kí àgbàlá mọ́ fefe, kí a fi ìgbálẹ̀ gbá a títí ilẹ̀ yóò fi máa dán; koríko tí ó bá yọrí níbẹ̀, ọ̀tá ni, nítorí ó lè fi ejò pamọ́, ọkọ́ àti àdá ni a sì fi ń lé e lọ. Ẹgba tí Alàgbà jẹ ní kékeré nítorí pé kò ro ẹ̀yìnkùlé kò níye. Lónìí, ọmọ kan náà yìí ń fi owó ra irúgbìn koríko, ó ń bu ajílẹ̀ sí i, ó ń bomi rin ín lójú ọ̀gbẹlẹ̀, kí ó baà lè dàgbà dáadáa, kí òun lè gé e. Bí ó bá sì jẹ́ kí ó ga jù, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yóò kọ̀wé ìkìlọ̀ sí i.

Kì í ṣe ilé ìtajà ni ó ti ra katakata rẹ̀. Òyìnbó arúgbó kan ni ó kú tí ó fi í sílẹ̀, àwọn ọmọ olóògbé sì fẹ́ gbé e sọ sórí ààtàn kí Alàgbà tó dé, tí ó fún wọn ní owó tí kò tó owó táyà mẹ́rin. Ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni a kúkú ń tà á fún. Bí àlejò bá wá béèrè ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà, Alàgbà kò ní í dáhùn ní ṣókí. Yóò nu ọwọ́, yóò tún fìlà dé, yóò sì ki katakata bí asunrárà ti í ki ọmọ ọba: "Cub Cadet, ọmọ International Harvester! Ọmọ Louisville ní Kentucky! Arukoríko-má-mikàn, agbó-má-tẹ̀pá, irin tí ó rí ikùukùu òjò tí kò sá wọlé!" Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wá sọ pé ti ọdún 1961 ni, pé agbára ẹṣin méje ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àti pé láti ara Farmall Cub, katakata oko gidi, ni wọ́n ti mú àpótí jíà ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àlejò náà bá ṣe àṣìṣe láti jókòó, yóò gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú: pé ilé-iṣẹ́ Kohler ní Wisconsin ni ó rọ ọ́, àwọn tí wọ́n ń ṣe ọpọ́n ìwẹ̀, láti 1883 tí John Michael Kohler ti fi tánganran bo ọpọ́n irin tí ẹran ọ̀sìn ń mumi nínú rẹ̀.

Ẹ̀sìn irin yìí ní ìjọ tirẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò gbà ju John Deere 110 aláwọ̀ ewé lọ, èyí tí ó jáde ní ìlú Horicon ní 1963. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń tẹ̀ lé Wheel Horse pupa, tí Elmer Pond àti Cecil ọmọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú South Bend ní 1946. Bí àwọn ìjọ mẹ́ta yìí bá pàdé, wọn kì í fẹnu kò, àfi lórí ọ̀fọ̀: ọdún 1981 tí ilé-iṣẹ́ International Harvester ta Cub Cadet fún ilé-iṣẹ́ MTD, àti 1986 tí ilé-iṣẹ́ Toro ra Wheel Horse. Ohunkóhun tí a bá ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ike ni lójú wọn.

A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rín bo òótọ́ mọ́lẹ̀ o. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àpótí jíà katakata àtijọ́ yìí, irin dídà tí ó nípọn ni, ó ní ojú ihò tí a ń gbà da ọ́ìlì rẹ̀ nù, ó sì ní èyí tí a ń gbà rọ tuntun sí i. Ìdí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ní ẹnu tí ó ń gba gíríìsì. Bí inú ẹ́ńjìnnì bá sì jẹ, a lè gbẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀, kí a ki písítìn tí ó tóbi jù ti àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, kí ayé rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tí ó rọ̀jú lọ́jà lónìí, páánù pẹlẹbẹ ni egungun rẹ̀, wọ́n dí àpótí jíà rẹ̀ pa láti ilé-iṣẹ́, ọjọ́ tí ó bá sì kú, owó òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó katakata tuntun. Ẹni tí ó ṣe ti àtijọ́ mọ̀ pé ohun gbogbo ń gbó, ó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ de ẹni tí yóò wá tún un ṣe. Ìwà ọmọlúàbí ni.

Ibi tí Alàgbà ti ṣìnà ni pé irin nìkan ni ó ń yìn. Kò rántí pé àwọn katakata 1961 tí kò dára ti di irin àlòkù tipẹ́, a sì ti yọ́ wọn. Òkú kì í jẹ́rìí. Kò sì ka wákàtí tí ó ń lò lórí ìkúnlẹ̀, nítorí ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo bẹntiróòlù ní Amẹ́ríkà ń ba kabúrétọ̀ rẹ̀ jẹ́ lọ́dọọdún.

"Bàbá Délé," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ojú fèrèsé, "ìgbà wo lẹ máa gé koríko ọ̀hún?"

"Ìyá Délé, ẹ ní sùúrù. Alágbẹ̀dẹ tí ń lù lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀."

Nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́, alágbẹ̀dẹ kò tíì fa nǹkan kan yọ. Ọmọ aládùúgbò dé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré oníke, ó gé gbogbo koríko náà tán kí oòrùn tó wọ̀, Alàgbà sì wo ilẹ̀ náà títí, ó ní, "Ó gé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gé e bó ṣe yẹ."

Ọkùnrin yìí kan náà ni ó fowó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pé kí wọ́n wó ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì bàbá òun, tí ògiri amọ̀ rẹ̀ tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí igi ilẹ̀kùn rẹ̀ kò mọ ìkán, nítorí pé, ó ní, ó ti di ti ayé àtijọ́. Bulọ́ọ̀kù tí ó fi dípò rẹ̀ sì ti sán kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Bí Délé ọmọ rẹ̀ bá sì mú sípánà láti bá a tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, igbe ni yóò fi bọnu: "Fi í lẹ̀! O ó bà á jẹ́!" Báyìí ni ọmọ ṣe ń dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí kò mọ̀ ọ́n tú, tí kò mọ̀ ọ́n tò, tí yóò sì gbé e sórí ààtàn lọ́jọ́ tí Alàgbà bá sùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ òyìnbó olóògbé ọ̀hún ti fẹ́ ṣe. Ohun tí a bá fẹ́sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí yóò mú un ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́. Kí Alàgbà fún Délé ní sípánà, kí ó jẹ́ kí ó ṣẹ́ nọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ tí ó rọ irin ti ṣe tirẹ̀ láti 1961, ti Alàgbà ni ó kù.