Ta Ló Jókòó Sórí Kúlà?

Ìrẹsì kì í gbé ìyá alásè ṣubú. Àpò ìrẹsì 50 kg, ó mọ iye èèyàn tó máa yó láìwo ìwé. Ẹran ni wàhálà. A kà á láàárọ̀, ó pé. A dín in tán, òun náà dín. Nígbà tó bá di ọ̀sán, àǹtí ìyàwó á yọ sẹ́yìn ilé ìdáná: "Ìyá alásè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu díẹ̀ fún àwọn àlejò mi láti Ìjẹ̀bú." Inú náílọ́ọ̀nù dúdú làwọn àlejò ọ̀hún ń gbé.

Ti ata ńkọ́? Oníbàárà á san àsansílẹ̀ ní oṣù Kejì, tí tòmátì pọ̀ bíi rẹ́rẹ ní ọjà Mile 12; oṣù Kẹfà, tó ti wọ́n, ni òde. Lọ́dún 2016 tí kòkòrò jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná, àwọn tó ti gba owó sílẹ̀ ló mọ ohun tí ojú wọn rí.

Alásè kan tí mo mọ̀ ń jèrè dáadáa, ọbẹ̀ rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ló máa ń gbé jókòó sórí kúlà ẹran, tòun ti ìwé àti bírò. Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ wá tọrọ ẹran lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó padà jókòó, ó ṣí ìwé:

"Tábìlì wo lẹ wà, sà?"