Kábíyèsí Fíìlà, Abohò-Má-Dí-I

Kábíyèsí Fíìlà, aláṣẹ èkejì ọ̀dà! Abohò-má-dí-i, Amú-wíwọ́-jọ-títọ́. Ọba tó gúnwà sórí ìpaàrà, tí ìpaàrà ò sì dẹ́kun àtijẹun lábẹ́ ìtẹ́. Ẹ wà nínú agolo, ẹ rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ẹ dé ara bọ́dì, ẹ le koko. Ọ̀dà gorí yín tán, kò sẹ́ni tó tún gbúròó yín mọ́. Ọ̀rẹ́ ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò kíá, ẹlẹ́rìí èké tí ohùn rẹ̀ kì í gbọ̀n nílé ẹjọ́. Gbogbo àgbàlá tí wọ́n ti ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe, ì báà jẹ́ l'Ékòó, ì báà jẹ́ n'Ìbàdàn, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ wọlé, kò sì sẹ́ni tí í dárúkọ yín lọ́jọ́ tí oníbàárà bá dé. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín rò: nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè fi tún bọ́dì mọ́tò àtijọ́ ṣe nílé, láti orí òòlù dórí ẹ̀rọ ìjórin, kò sí èyí tó yẹ lóyè bíi tiyín. Ojú la fi ń ra mọ́tò, ojú la fi ń yìn ín, ojú nìkan lẹ̀yin náà sì ń sìn.

Kí ẹ tó jọba, òjé ló wà lórí oyè. Àwọn àgbà oníbọ́dì Amẹ́ríkà àti Yúróòpù a máa po òjé mọ́ tánganran, bí ìdá méje òjé sí ìdá mẹ́ta tánganran, wọ́n á fi iná rọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi pátákó tí wọ́n ti fi ọ̀rá kùn tẹ́ ẹ sójú ibi tó jìn. Iná náà ní ìwọ̀n: bó bá ti kọjá nǹkan bí 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń rọ̀, bó bá fi lè kọjá nǹkan bí 260, yíyọ́ ló máa yọ́ dànù sílẹ̀. Òjé yìí ń di irin mú ṣinṣin, omi ò sì rí inú rẹ̀ gbà. Àbùkù rẹ̀ ni pé májèlé ni. Ẹni tó bá ń fi fáìlì fá a, eruku rẹ̀ ń bá a wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ẹ ti rí àyè wọlé nìyẹn, ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1950. Wọ́n po résíìnì polyester mọ́ iyẹ̀fun táàkì, òkúta kan náà tí wọ́n ń lọ̀ ṣe páúdà, wọ́n ní kí oníkálukú máa fi ọ̀bẹ ike tẹ́ ẹ. Kò sí iná, kò sí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ, kò sí ọ̀gá tó ń gbáni létí. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ilé di ilé panẹbítà. Ti pé ẹ lé òjé kúrò lórí oyè, ọpẹ́ gidi ni mo dú. Kí ẹnikẹ́ni má kà á mọ́ ẹ̀fẹ̀.

Ẹ wá wo òòlù náà tí wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ò yá. Panẹbítà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fọ ọ̀dà kúrò lójú ibi tó jìn, á wá dijú, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa bọ́dì náà káàkiri, torí ọwọ́ a máa rí ohun tí ojú ò rí. Á gbé dólì, irin kékeré tó wúwo tó sì kún ọwọ́, sí ẹ̀yìn bọ́dì, á máa fi òòlù olójú pẹrẹsẹ gbá a láti iwájú. Bó bá gbá a sójú dólì gan-an, irin á tẹ́, ṣùgbọ́n á fẹ̀. Bó bá gbé dólì sẹ́yìn ibi tó jìn, tó wá ń gbá etí kòtò tó ga, etí á wálẹ̀, inú kòtò á gòkè. Kó máa dún tín-ín, tín-ín ni, kì í ṣe gbàù. Irin bọ́dì ò nípọn tó mílímítà kan, nítorí náà ẹni tó bá gbá a kọjá bó ṣe yẹ á mú un fẹ̀ ju àyè rẹ̀ lọ. Á wú síta, bí a bá fọwọ́ tì í á wọlé, bí a bá gbé ọwọ́ kúrò á tún yọ. Àtúnṣe ìyẹn, iṣẹ́ mìíràn ni: kí wọ́n fi iná gáàsì jó ojú ibi tó tó kọ́bọ̀ kan títí á fi pọ́n, kí wọ́n yára gbá a wálẹ̀, kí wọ́n fi àkísà tútù pa á, kí irin lè súnkì. Odidi ọ̀sán lè lọ lórí ìlẹ̀kùn kan. Kábíyèsí, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tiyín. Kòtò tó gba ìka, ẹ dé, ó tẹ́. Ta ni ò ní fi yín joyè?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí agbára yín dé, kó wo Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. 21,529,464 ni wọ́n ṣe kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, lọ́dún 2003. Ọdún 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to tiwa pọ̀ l'Ékòó nígbà náà lọ́hùn-ún. Mọ́tò yìí rọrùn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn lára. Sípánà lásán lè tú u, kí ènìyàn gbé e sórí bẹ́ǹṣì, kó na ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe wù ú, tàbí kó wá òmíràn rà. Kò sí ohun tó yẹ kó gbé yín dé orí fẹ́ńdà Ìjàpá. Síbẹ̀ ẹ wà níbẹ̀, ẹ nípọn, ẹ sì ń dán yanran. Ẹ tún ń gba ojú ibi tí fẹ́ńdà ti pàdé bọ́dì kọjá, ẹ ń bo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó wà láàárín wọn, ẹ sọ ohun tó ṣeé tú di ohun tí kò ṣeé tú mọ́. Ọba tí ń so ìlú méjì pọ̀ láì bi wọ́n léèrè!

Ṣùgbọ́n abẹ́ lọ́hùn-ún ni ògo yín wà. Ibi tí Ìjàpá ti ń kọ́kọ́ dógùn-ún kì í ṣe ibi tí ojú ń dé. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni bátìrì rẹ̀ ń gbé. Ásíìdì tó bá kán sílẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ mọ́tò ló ń jẹ. Páìpù onígun kan wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ṣe kí ooru ẹ́ńjìnnì lè gba inú rẹ̀ wọlé fún àwọn ará ìlú òtútù. Omi òjò a máa fara pamọ́ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etíkun Èkó a sì bá a parí iṣẹ́. Àwa ò wá ooru kiri, àmọ́ páìpù yẹn náà ni eegun ẹ̀gbẹ́ mọ́tò: òun ni wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ yí ká. Ẹni tó mọṣẹ́ á gé gbogbo ibi tó jẹrà dànù títí dé ibi tí irin ti mọ́, á gé páànù tuntun tó bá a mu, á jó o mọ́ ọn. Ẹni tó mọ̀ yín á ki ìwé ìròyìn bọ ihò náà, á tẹ́ nẹ́ẹ̀tì wáyà lé e, á fi yín rẹ́ ẹ, á fín in ní dúdú. Mélòó nínú àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ yìí ni ì bá ti parí sídìí ẹ̀pà àti àkàrà, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin tí ẹ sọ wọ́n di eegun mọ́tò?

Àwọn ọ̀tá yín ní ẹ̀rí, mi ò sì ní pa á mọ́. Wọ́n ní táàkì inú yín ń fa omi. Bí ihò bá wà lẹ́yìn yín, tàbí bí wọ́n bá fi yín sílẹ̀ sínú òjò láìfín ọ̀dà lé yín, omi á gba inú yín dé ojú irin. Wọ́n ní ìpaàrà a máa gba àyè ju irin tó jẹ lọ, á máa wú lábẹ́ yín títí ọ̀dà á fi lé ròrò. Wọ́n ní irin a máa tẹ̀ díẹ̀ bí mọ́tò bá ń gba inú kòtò, ẹ̀yin ò sì mọ títẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń sán bí ẹ bá nípọn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni àsìkò. Ẹ̀rùn ni wọ́n ń fi yín jọba, òjò ní í tú àṣírí yín, mọ́tò á sì ti yí olówó padà kí òjò tó dé. Ọba wo ni wọ́n bi léèrè rí nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó wàjà?

Àtakò tó le jù ni pé àwọn ọ̀gá gan-an ń lò yín. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Agbára káká ni kí òòlù nìkan tó lè tẹ́ bọ́dì dé ibi tí ọ̀dà dídán ò fi ní í tú u fó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí wọ́n ń fi yín sí. Wọ́n á na irin títí ohun tó kù ò fi ju mílímítà méjì sí mẹ́ta lọ, wọ́n á fi sáńpépà 80 ha ojú rẹ̀ kí ẹ lè rí ibi dì mú, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó ránṣẹ́ pè yín. Orí àwo dídán ni wọ́n á bù yín sí, kì í ṣe orí páálí tó ń fa résíìnì. Wọ́n á fi hádínà pupa sí i, bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á pò ó títí ìlà pupa kankan ò fi ní hàn mọ́. Bí hádínà bá pọ̀ jù, àwọ̀ rẹ̀ lè la ọ̀dà funfun jáde lọ́jọ́ iwájú. Bó bá kéré jù, ẹ ò ní í le. Nínú ooru tiwa, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ní kí ẹ tó gan. Bí ẹ bá ti ń le bọ̀, wọ́n á gbé fáìlì kan tí ojú rẹ̀ dà bíi ti páànù tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á rin yín wálẹ̀. Igi gígùn tí wọ́n wé sáńpépà mọ́ ni wọ́n á fi kùn yín, torí pé bí wọ́n bá fi ìka kùn yín, kòtò mìíràn ni ìka á gbẹ́. Wọ́n á wá fín ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ lé yín, wọ́n á tún kùn ún: ibi tí dúdú bá kù sí, ibẹ̀ ló ṣì jìn. Kí wọ́n tó parí, èyí tó pọ̀ jù nínú yín ti di eruku nílẹ̀, wọ́n sì tún fi aṣọ dí imú nítorí yín, bí ẹni pé ọba ń rùn. Ṣé oyè nìyẹn? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fi yín ṣe, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń kẹ́yìn dé tó sì ń kọ́kọ́ lọ, mo sì bá yín kọ̀ ọ́.

Ẹlòmíràn á ní kí n yé fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí mẹ̀kúnnù: ẹni tó ń tún Ìjàpá bàbá rẹ̀ ṣe lẹ́yìnkùlé ò lówó ẹ̀rọ ìjórin, ojúlówó fẹ́ńdà sì ti wọ́n. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ ni èsì rẹ̀. Ilẹ̀ Ìjàpá tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó pọ̀. Páànù lásán tí wọ́n bá gé, tí wọ́n sì tẹ ìlà díẹ̀ sí kó lè le, tó láti dí ihò ibẹ̀, ajórin ò sì ṣọ̀wọ́n nílùú wa. Owó tó ń tán mẹ̀kúnnù ni owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Yàtọ̀ sí owó, ojú irin tí ìjókòó awakọ̀ ń rìn lé, orí ilẹ̀ mọ́tò yẹn náà ni wọ́n jó o mọ́. Ẹni tó fi yín dí i ti gbé ènìyàn jókòó sórí táàkì. Kábíyèsí, ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé pé oríkì ni mo ń ké: Agbé-awakọ̀-lé-páúdà, mo júbà!

Gbogbo ọba ló ní èèwọ̀, òòfà sì ni tiyín. Irin ló ń fà, kò mọ̀ yín rí. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú fíríìjì ti tó. Kí wọ́n fi aṣọ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí wọ́n rọra fà á lọ láti orí ìlẹ̀kùn dé fẹ́ńdà. Níbi tí ẹ ti jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọwọ́ á ṣì mọ̀ ọ́n pé ó ń fà. Níbi tí ẹ gúnwà sí, á já bọ́. Nítorí náà, kí àwọn ìránṣẹ́ yín máa ṣọ́ ọwọ́ oníbàárà. Èyí tó dúró níwájú, tó ń yin ọ̀dà, tó ń fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọmọ ìlú yín ni, ẹ súre fún un. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìlẹ̀kùn, tó gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, tó wá yọ ohun kékeré kan tó wé láṣọ lápò, kì í kí ọba. Iye tí wọ́n máa yọ kúrò nínú owó mọ́tò ló ń bèèrè.