Èéfín Tí Mo Bẹ̀ Kò Wá

Ẹ̀yin èèyàn mi, bó bá jẹ́ pé èèyàn ni èéfín, ǹ bá ti pè é lẹ́jọ́. Ààfin wa ní Ìbà níbí ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá dá mi láre, ǹ bá gbé e dé iwájú Akínrun ní Ìkìrun. Bó bá tún yẹ̀ mí lọ́hùn-ún, ǹ bá gun ọ̀kadà lọ bá Olókukù. Ẹ̀sùn mi kò ju ẹyọ kan lọ: láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, èéfín tí n kò pè kì í yéé wá bá mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo wá fẹnu ara mi pè é, ó ní òun ò wá.

Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn tí n kò pè. Ní ìdájí, èéfín igi ìdáná ìyàwó mi ló ń jí mi, nítorí owó gáàsì ti di owó orí ìyàwó. Bó bá di ọ̀sán, èéfín àwọn tó ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé wa á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bílẹ̀ bá ṣú, jẹnẹrétọ̀ kékeré aládùúgbò mi, èyí tí aráyé ń pè ní “I better pass my neighbour”, á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń po ọ́ílì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀? Bó ṣe ń jẹun náà ló ń mu sìgá. Orúkọ rẹ̀ sì rò ó lóòótọ́: aládùúgbò mi ló ni iná, èmi ni mo ni èéfín. Bí ọyẹ́ bá wá dé, tí àwọn àgbẹ̀ ń sun oko, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Rédíò ni mo ń tún ṣe jẹun. Oníbàárà kan gbé ọkọ̀ ìṣeré ọmọ rẹ̀ tó bàjẹ́ wá, kò sì padà wá gbé e mọ́. Mo yọ mótò àti rìmóòtù rẹ̀, mo fi igi fífúyẹ́ gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó gùn tó apá mi, mo tò wọ́n sínú rẹ̀. Mo kùn ún ní funfun, mo kun òpó èéfín rẹ̀ láwọ̀ ìyeyè, kó lè jọ Aureol, ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láàárín Apápá àti Liverpool ní 1951. Mo gbé e sínú basíà ìfọṣọ, mo tẹ rìmóòtù, ó lúwẹ̀ẹ́ bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti kó bá mi. Mo ní, “Ó ku èéfín.”

Ẹni tí kò bá ṣe é rí á ní kí ló le níbẹ̀. Agolo tòmátò ni ìkòkò rẹ̀. Mo gé ìdá kan nínú ogún lára wáyà sítóòfù oníná kan tó ti kú, mo wé e mọ́ òwú àtùpà, mo so ó mọ́ bátìrì méjì tí mo yọ nínú láptọ́ọ̀pù àlòkù. Míta mi ka wáyà náà sí óòmù 3; bátìrì ń mú fóòtì 7.4 wá, iná tó ń jẹ á tó wọ́ọ̀tì 18. Gílísárìnì tí àwọn obìnrin fi ń para nígbà ọyẹ́ ni mo pò mọ́ omi bátìrì (kì í ṣe ásíìdì o!), mo dà á sínú agolo. Òwú á fà á mu, wáyà á mú un gbóná, oru á dìde, oru á pàdé afẹ́fẹ́ tútù, á sì di kùrukùru. Fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà á wá fẹ́ ẹ gba ẹnu òpó jáde. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ó dùn-ún gbọ́ létí tèmi náà.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, òwú kò tíì mu yó tí mo fi taná sí i. Wáyà pọ́n, ó tàn yòò, ó já. Lọ́jọ́ kejì, mo bu gílísárìnì kún un débi pé wáyà rì. Ó ń hó kùtùkùtù bí ọbẹ̀, kò rú. Lọ́jọ́ kẹta, inú bí mi, mo fi bátìrì kan kún méjì. Bí gílísárìnì bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ohun tó ń dà máa ń ta ojú ju ata rodo lọ. Fáànù sì ti tú u ká kó tó dé ẹnu òpó. Ojú ń ta wá, ojú ò rí i. Gbogbo ilé ń sunkún. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ yà wọlé, ó ní ẹ kú ìrọ́jú, ta ló kú? Kí n tó dáhùn, òun náà ti ń sunkún.

Ìyàwó mi ní, “Olówó orí mi, ṣé èéfín lẹ̀ ń wá? Ẹ wá jókòó ti ààrò mi. Ọ̀fẹ́ ni.”

Èyí tó dùn mí jù ni ti bàbá kan ládùúgbò tó wọ Aureol lọ sílùú Òyìnbó nígbà èwe wọn. Mo rò pé wọ́n á gbóríyìn fún mi. Wọ́n wo ọkọ̀ náà títí, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ọ pé Aureol ń rú túú báyìí? Dísù ló ń jẹ. Bó o bá fẹ́ èéfín, réluwé ni kó o gbẹ́.” Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn: bí ọkọ̀ ojú irin ṣe dé Òṣogbo ní 1907, bó ṣe gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ìlọrin, bó ṣe ń jẹ èédú, tí ẹni tó bá sá aṣọ funfun sí ẹ̀bá ọ̀nà rẹ̀ ń ká aṣọ dúdú wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń bẹ èéfín fún ọkọ̀ tí kì í rú!

Ṣùgbọ́n mo ti bọ́ sójú agbo, n kò lè ṣàìjó. Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan tí òtútù mú, mo gbé ọkọ̀ mi lọ sí odò Ọ̀tìn. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tó lodò, mo gbé e lé omi, mo tẹ rìmóòtù. Ẹ̀yin èèyàn mi, èéfín rú! Ó rú túú, ó dúdú, ó ki. Mo fò sókè. Ìgbà tí mo balẹ̀ ni mo tó rí i pé kì í ṣe ẹnu òpó ló ti ń jáde. Wáyà bátìrì ló ń jó nísàlẹ̀, tó ti ran ọ̀dà ara ọkọ̀. Àgbẹ̀ kan tó ń lọ sóko sáré wọ odò, ó fi korobá da omi bo ọkọ̀ náà. Àánú ló ṣe é. Ọkọ̀ mi yí gbirí, ó rì.

Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 1878 ni àwọn Ìbàdàn ṣẹ́gun ní Ìkìrun. Odò Ọ̀tìn yìí náà ni àwọn tó ń sá lọ kó sí, ìyẹn ni wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Ó lé ní ogóje ọdún lẹ́yìn náà, ọkọ̀ Aureol jálumi níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn, àfi èmi.

Mo délé lálẹ́, mo jókòó jẹ́ẹ́, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Aládùúgbò mi fa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Èéfín gba ojú fèrèsé wọlé, ó rìn yí pálọ̀ ká, ó sì wá jókòó tì mí. Wọ́n ní èéfín nìwà. Ìwà èéfín fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wá bi mí.