Ìjàpá àti Òògùn Tí Kì í Rùn

Àlọ́ o!
Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, tó ń gbin kábéèjì ní Jos. Létí kòtò omi táwọn awakùsà ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ ló gbìn ín sí lẹ́ẹ̀rùn. Ọyẹ́ ń fẹ́, kábéèjì ń ká ewé mọ́ra, àfi bí kòkòrò ajẹwé ṣe dé, àwọn wínníwínní tó máa ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ téèyàn bá fọwọ́ kan ewé. Wọ́n dá ewé lu bí asẹ́.

Ìjàpá àti Yánníbo gba ṣọ́ọ̀bù Ọ̀bọ lọ ní Tina Junction. Ọ̀bọ gbé òògùn méjì kalẹ̀. Ìgò kan ń rùn dé títì. Èkejì, ìyẹ̀fun inú ọ̀rá, kò rùn rárá.

“Ti ìgò yìí ń pa lójú ẹsẹ̀. Bakitéríà ló wà nínú ìyẹ̀fun. Ní 1901 ni wọ́n rí i ní Japan, lára kòkòrò tí wọ́n ń sìn nítorí sẹ́dà. Ní 1911 wọ́n tún rí i ní Thuringia nílẹ̀ Jámánì, ibẹ̀ ló ti gborúkọ. Ajẹwé gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ mọ́ ewé kó tó ràn án. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o fín in, oòrùn ń bà á jẹ́. Kòkòrò lè lo ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó kú.”

“Òògùn tó lẹ́mìí? Tí ebi bá pa òun náà ńkọ́?”

Ṣùgbọ́n Yánníbo ló so owó mọ́ ìdí aṣọ, ìyẹ̀fun ló sì rà.

Ìjàpá fín in nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ mọ́, kòkòrò ṣì wà lórí ewé. Wọn ò jẹun mọ́ láti òru, inú wọn ti dàrú, ṣùgbọ́n ta ni Ìjàpá tí yóò máa wo ẹnu kòkòrò? Òkú ló ń wá. Ó sáré lọ ra ìgò olóòórùn láwìn. Kòkòrò já bọ́ pẹẹrẹ. Agbọ́n kékeré tó ń yé ẹyin sí wọn nínú, òṣìṣẹ́ tí kì í gbowó oṣù, já bọ́ tẹ̀lé wọn. Ìjàpá jó dé ilé.

Kò pẹ́ púpọ̀, ọmọ àwọn tí kò kú yọ jáde, wọ́n ń kọrin:

Ìjàpá olóògùn o,
*Kẹrẹkẹrẹ la ó jẹ.*
Agbọ́n tó ń ṣọ́ wa dà?
*Kẹrẹkẹrẹ la ó jẹ.*
Ará wa ní Java borí òògùn DDT ní 1953,
*Kẹrẹkẹrẹ la ó jẹ.*
Ti Hawaii borí ìyẹ̀fun ní 1990,
*Kẹrẹkẹrẹ la ó jẹ.*
Bù sí i, ebi ń pa wá!
*Kẹrẹkẹrẹ la ó jẹ.*

(Wọn ò parọ́ mọ́ Hawaii. Léraléra làwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń fín ìyẹ̀fun yẹn nígbà náà.)

Inú bí Ìjàpá, ó po ìgò mẹ́ta pọ̀. Kábéèjì yọ, ó ń dán, kò ní ihò kan ṣoṣo. Ó kó o lọ sí Tina Junction. Ti inú ìkòkò ilé, ẹ̀yìnkùlé ni Yánníbo ti ń já a, lórí ebè mẹ́ta tí òògùn kankan kò kàn.

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ dúró nídìí ọjà. Ó gbé kábéèjì kan, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rọra gbé e padà.

“Ìjàpá,” ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, “ṣé o ò ní èyí tí kòkòrò ti fẹnu kàn díẹ̀?”