Ilé Ìdáná Àwòṣífìlà

Bí ẹ bá rí obìnrin kan ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú ẹnu dùn jùyọ̀, tí ó wé gèlè gẹnge, tí etí òfì sányán yọ jáde lẹ́nu báàgì ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìgbéyàwó ni ó ń lọ, kì í sì í ṣe ìsọmọlórúkọ, ẹ má wulẹ̀ béèrè ibi tí ó dorí kọ: táìlì ilé ìdáná ni ó fẹ́ rà, òfì náà ni yóò sì fi wo àwọ̀ rẹ̀.

Àlájà ni mo ń wí. Àdúgbò wo ni a kò ti ní wọn, láti Adéwọlé títí dé Tanke? Ògbóǹtarìgì ọlọ́jà ni wọ́n, tí wọ́n lè ná ata ní Ìpàta títí aláta yóò fi gbàgbé èrè tí òun fẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti táìlì, ojú aládùúgbò ni wọ́n ń fi rajà, bẹ́ẹ̀ a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.

“Irú èyí tí Àlájà òdìkejì wa lẹ̀ ńkọ́?”

“Àlájà, ẹ̀gbọ́n tiwọn rèé,” ni ọmọkùnrin tí ń tajà dáhùn, ó sì fa páálí 60 sí 60 yọ, mẹ́rin nínú páálí kan. Ọmọ gidi ni, ó tún fi òótọ́ kún un: “Ṣùgbọ́n èyí tó ń dán báyìí, bí omi tàbí epo bá kán sí i, á máa yọni ṣubú. Ẹ bá mi mú èyí tí ojú rẹ̀ rí háráhárá.”

“Háráhárá? Ṣé balùwẹ̀ ni mo pè é fún ọ ni?”

Ìyá tó bí Àlájà kì í ra ìkòkò Dàda ní Òkèlele láìfi ìka kàn án, kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí ìkòkò tó ti sán kì í dún gbọnrangandan. Àlájà kò kan táìlì. Wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n rí ojú ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n sì sanwó.

N kò bá wọn wí pé wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀ dára. Kí táìlì tó dé ni Yorùbá ti ń ṣe ilẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́: ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, apáàdì ni wọ́n ń tò ní ìnàró sí àgbàlá àti ojú ọ̀nà, ìtàn sì sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, ọba obìnrin tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun, ló pàṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Lúwo rìn lórí tirẹ̀.

Ti ara ògiri ló wá gba owó tí wọ́n tọ́jú fún Ùmúrà. Ẹ̀yìn gáàsì gan-an, níbi tí epo ti máa ń ta, ni wọ́n ní kí wọ́n lẹ táìlì kéékèèké mọ́, funfun bíi wàrà, pẹ̀lú òdòdó aláwọ̀ wúrà láàárín. Nígbà tí ọ̀gá tó ń lẹ̀ ẹ́ dámọ̀ràn pé kí òun fi àwọ̀ eérú dí ojú ìpàdé wọn, torí pé símẹ́ǹtì funfun àti epo pupa kì í gbé pọ̀ kó pẹ́, Àlájà wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ìsun ẹran.

Mo lọ kí wọn nígbà tí iṣẹ́ parí. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà kí n tó wọ ilé ìdáná. Ọ̀rá tí gáàsì bá wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ìkòkò, kò sí omorogùn, kò sí òórùn àlùbọ́sà. Mo ní, “Àlájà, àwòṣífìlà ni.” Inú wọn dùn, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ lọ láìjẹun. Ìgbà tí mo yọjú lójú fèrèsé ni mo rí èéfín ní ẹ̀yìnkùlé: ààrò mẹ́ta, igi tó ń jó, àti ọmọbìnrin kan tó lóṣòó tó ń fẹ́ná, níbi tí epo lè ta dé ibi tó bá wù ú. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì ni wọ́n gbé fún mi. Ó dùn gan-an.