Mo Fowó Gọbọi Ra Etí, Fóònù Ló Ń Dá Mi Lẹ́jọ́

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko! Ta ni mo ṣẹ̀ láyé tí mo fi yan mixing àti mastering, ìyẹn pípo ohùn àti ìlù orin pọ̀ àti títún un ṣe kó tó jáde, ní iṣẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí sí orin nínú mọ́tò, ẹ mọ olórin, ẹ mọ onígángan, ẹ tilẹ̀ mọ ẹni tó ra aṣọ fún olórin. Èmi tí mo ń jókòó di ìdájí, tí mò ń wá ibi tí gángan ti bo ohùn mọ́lẹ̀, ta ló bèèrè mi? Àwọn ará àdúgbò nìkan. Wọ́n gbọ́ tí àwọn olórin ń pè mí ní ẹnjiníà, ni wọ́n bá ń gbé fáànù tó bàjẹ́ wá bá mi.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ sípíkà ná. Sípíkà tó wà ní pálọ̀ yín, ìpọ́nni ló mọ̀ ọ́n ṣe, ó ti bu bèèsì kún orin kó tó dé etí yín. Sípíkà tiwa kò gbọdọ̀ pọ́n ẹnikẹ́ni. Bí orin bá burú, kó sọ pé ó burú. Yamaha gbé irú rẹ̀ kan jáde ní 1978, NS-10, awọ ojú rẹ̀ funfun báláú. Pálọ̀ ni wọ́n tilẹ̀ ṣe é fún, àwọn onípálọ̀ ní ohùn rẹ̀ ti le jù, àwọn ò fẹ́. Ni àwọn onístúdíò bá sáré kó o, wọ́n ní orin tó bá ti dùn lẹ́nu ẹni líle yìí, kò síbi tí kò ní dùn. Ó di 2001, Yamaha ní àwọn ò ṣe é mọ́, pé irú igi tí wọ́n ń lò sí awọ ojú rẹ̀ ti ṣòro rí. Ẹ ò rí ayé mi bí! Ohun tí aráyé kọ̀ ní pálọ̀, ìgbà tó máa fi kàn mí ni igi rẹ̀ wọ́n nígbó.

Mo ní ó dáa, ẹni tí ò rówó sípíkà yóò ra headphone. Sony MDR-7506 ti wà láti 1991, ẹni tó bá gbé e sétí á gbọ́ mímí olórin. Mo lọ rà á ní ọjà kan tí n ò ní dárúkọ, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó fi ẹ̀mí ìyá rẹ̀ búra fún mi pé ojúlówó ni. Mo délé, mo fi sétí, apá òsì ń kọrin, apá ọ̀tún ń gbààwẹ̀. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí ìyá rẹ̀ sí o.

Ká tilẹ̀ ní mo rí NS-10 rà, ibo ni mo fẹ́ gbé e sí? Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 ni mo háyà n'Íbàdàn níbí. Ògiri kọjú sí ògiri, bèèsì á máa lọ á máa bọ̀ láàárín wọn títí yóò fi wú, àgàgà ní nǹkan bíi hertz 47 sí 56, níbi tí ìlù ńlá àti gìtá bèèsì ti ń ṣe ọrọ̀ ajé wọn. Tí mo bá fẹ̀yìn ti ògiri, bèèsì á kún yàrá. Tí mo bá sún sáàárín, á pòórá. Èwo ni kí n gbàgbọ́? Ohun tó ń mú irú bèèsì bẹ́ẹ̀ ni rockwool tó nípọn dáadáa, òwú tí wọ́n ń fi òkúta yíyọ́ ṣe, kí wọ́n tò ó sí gbogbo igun yàrá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ létí aráyé kí ẹ wò ó! Gbogbo ẹni tó bá yọjú ló ń gbà mí níyànjú pé kí n lọ ra kéréètì ẹyin. Kéréètì ẹyin! Bébà lásán tí bèèsì ń gba inú rẹ̀ kọjá láìkí i! Àbúrò ìyàwó mi ò tilẹ̀ dúró gbàṣẹ, ọjọ́ tí mo jáde ló kó o wá láti ọgbà ẹni tó ń sin adìyẹ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti òkè délẹ̀, òórùn adìyẹ gba yàrá, eku gbọ́ òórùn, eku dé, bàbá onílé tẹ̀lé eku wọlé, ó ní ta ló fún mi láṣẹ kí n máa sin adìyẹ nínú ilé òun.

Bàbá onílé yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí n ṣí ohùn. "Ẹnjiníà, rọra o, àgbàlagbà ń sùn." Láti 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Fletcher àti Munson, ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí ohùn bá ti lọlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni bèèsì ń sá fún etí ọmọ èèyàn tó. Nítorí náà, tí mo bá po orin ní ohùn jẹ́jẹ́ tí bàbá ń fẹ́, bèèsì ò ní tó mi, mo máa bù ú kún un, tí wọ́n bá wá gbé orin náà délé ìnáwó, sípíkà gìrìwò á máa lé àwo ìrẹsì kúrò lórí tábìlì, ta ni wọ́n sì máa bú? Ṣé bàbá onílé ni? Ẹ̀rọ ata tó wà lẹ́yìn fèrèsé mi, tó ń ké látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyẹn ò dí àgbàlagbà kankan lọ́wọ́ oorun o. Èmi nìkan ni ariwo.

Iná ńkọ́? Ẹ má jẹ́ n sunkún níwájú yín. Iná ìjọba ń kùn ní hertz 50, bí ilé ò bá sì ní áàtì tó dáa, kíkùn yẹn á wọnú wáyà lọ jókòó sábẹ́ orin. Mo ra wáyà XLR tó ń gbé ohùn kan náà gba ọ̀nà méjì, ọ̀kan ní òdì èkejì, kí ariwo tó bá bọ́ sí i lójú ọ̀nà lè pa ara rẹ̀. Ariwo ojú ọ̀nà kú lóòótọ́, ti inú ilé ló kù tó ń ṣe hùùù. Oníṣẹ́ iná ní àfi ká gbẹ́ ilẹ̀ ká ri irin áàtì mọ́lẹ̀. Bàbá onílé ní ẹni tó bá fi ọkọ́ kan ilẹ̀ òun, ilé ẹjọ́ ni. Bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, máìkì mi kò sì mọ ojúsàájú, ó ń gba ohùn olórin, ó ń gba ti jẹnẹrétọ̀. Ká ti fèrèsé nìyẹn, ká pa fáànù, kí èmi àti olórin máa làágùn bọ̀lọ̀jọ̀ títí á fi rántí ẹsẹ kejì orin rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Andy Hildebrand tó ṣe Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn olórin tó bá ṣìnà ṣe, tó jáde ní 1997, iṣẹ́ wíwá epo rọ̀bì ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fi ìró ránṣẹ́ wọ inú ilẹ̀, òun á fi ìṣirò tú èsì rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí epo wà. Ìṣirò tó fara jọ ìyẹn ló gbé wá sídìí ohùn olórin. Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, àwa la ni epo o! Ẹni tó ń wá epo kiri ló ṣe Auto-Tune, dọ́là ló ń tà á, èmi tí wọ́n bí sórí epo ni mò ń wá dọ́là, dọ́là tó jẹ́ bíi náírà 460 níbẹ̀rẹ̀ 2023, tó ti ré kọjá 1,500 kí 2024 tó parí! Ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà ti ọ̀fẹ́ wà lóòótọ́, n ò ní purọ́. SPAN tí Voxengo ṣe ń fi ibi tí bèèsì kó jọ sí hàn mí, n ò san kọ́bọ̀. Youlean tó ń wọn ariwo orin ní ti ọ̀fẹ́. REW tó ń wọn yàrá, ọ̀fẹ́ ni. Mo ti fẹ́ẹ̀ máa jó kí n tó kà á pé REW fẹ́ máìkì ìwọnyàrá kó tó lè ṣiṣẹ́ gidi. Dọ́là ni wọ́n ń ta máìkì.

Gbogbo ìyà yìí, nítorí ta ni? Nítorí oníbàárà! Àlájì kan tó ń kọ Fújì ní dandan, orin òun gbọ́dọ̀ pariwo ju ti gbogbo ayé lọ. Mo ní, "Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, Spotify máa ń fa orin tó bá pariwo jù wálẹ̀ sí nǹkan bíi -14 LUFS, ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo orin. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n ṣì máa fà á wálẹ̀, ìlù yín ò sì ní ta mọ́." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹnjiníà, ṣé owó lẹ fẹ́ fi kún un ni?" Mo dákẹ́. Mo ṣe é tán, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lósì, agogo lọ́tùn-ún, dùndún láàárín gbùngbùn, mo fi fáìlì WAV ránṣẹ́, ó ní òun ò rí i ṣí, kí n gbé fóònù síwájú sípíkà kí n fi ṣe vóìsì nóòtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp! Ẹ̀yin èèyàn, vóìsì nóòtì! Òsì àti ọ̀tún di ọ̀kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jókòó lé agogo lórí, ó gbọ́ ọ lórí ọ̀kadà, lójú ọ̀nà Mọ́kọ́lá, pẹ̀lú sípíkà fóònù tí kò tó èékánná àtàǹpàkò mi, ó wá pè mí, ó ní òun ò gbọ́ bèèsì!

N kò tíì tán ṣíṣàlàyé tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì fi gba fóònù, ó ní kí Dádì má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, ẹ̀rọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe mastering ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì ní máa ṣàlàyé fún èèyàn.

Orin náà ti jáde. Ìdajì owó mi ṣì wà lọ́wọ́ Àlájì. Ẹ̀yin tí ẹ máa bá a pàdé lóde ìnáwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ tèmi sápá kan kí ẹ tó lẹ ìyókù mọ́ ọn níwájú.