Ta Ló Gé Gèlè Ìyá Onírẹsì?

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀. Bàbá Lándílọ́ọ̀dù wà lójú fèrèsé, etí bàbá náà kò sì dí rárá. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ìyá ọba ṣàjẹ́ o, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, inú ló máa run mí mọ́jú.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Ìyá Onírẹsì àti Àǹtí Téélọ̀ ò kíra wọn mọ́ látìgbà tí wọ́n ti sin Ìyá Àgbà? Àwọn èèyàn ní owó ẹran ni. Irọ́ ni. Ẹran wo gan-an? Abọ́ tí wọ́n gbé fún mi, eegun ló kún inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú ló dájà sílẹ̀.

Ṣómólú ni wọ́n ti lọ ṣe é, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́. Mo tẹ̀ lé wọn. Kí lẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín sí? Ẹni tí ò lọ, kí ló fẹ́ bọ̀ wá sọ? Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ṣí CorelDRAW, èyí tí àwọn ará Kánádà ti ń tà láti 1989. Ó ní bébà A4 lòun máa ká sí méjì, pé ojú ìwé mẹ́rin ló ń wà lára bébà kan. Ẹbí sì ti ṣètò ojú ìwé mẹ́wàá! Ó ní kò sóhun tó ń jẹ́ mẹ́wàá, àfi mẹ́jọ tàbí méjìlá. Wọ́n mú méjìlá, bí ojú ìwé méjì ṣe ṣẹ́kù nìyẹn. Àǹtí Téélọ̀ tó jẹ́ ọmọ olóòkú ní tòun ni méjèèjì.

Ìyá Onírẹsì, ìyàwó àkọ́bí, kò lè fi ọjà sílẹ̀ wá. WhatsApp ló fi fọ́tò tiẹ̀ ránṣẹ́, WhatsApp sì ti dín in kù kó tó débẹ̀. Ọmọ ìdí kọ̀ǹpútà náà ní ìwé títẹ̀ ń fẹ́ píksẹ́lì 300 nínú íńṣì kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò tó ní 600 ní ìbú, íńṣì méjì ni agbára rẹ̀ mọ. Bí wọ́n bá fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú á rí wúruwùru. Ló bá ya òbìrìkìtì kékeré, ó fi PowerClip ti fọ́tò náà sínú rẹ̀. Ojú wọlé, gèlè kù síta. Gèlè tí obìnrin yẹn sanwó wé!

Ẹ wá gbọ́ o: PowerClip kì í gé nǹkan kan dànù. Gèlè wà níbẹ̀, ó kàn fara pamọ́ ni. Ọmọ náà tiẹ̀ béèrè pé, “Mà, ṣé kí n fà á wálẹ̀ díẹ̀ kí gèlè lè yọ?” Ta ló dáhùn? Àǹtí Téélọ̀! Ó ní, “Fi sílẹ̀ jàre, ojú ẹ̀ la fẹ́ rí.” Èmi ń mu mínírà mi ní tèmi.

Ẹ̀san ò gbóògùn. Àǹtí ní kí fọ́tò tòun kún ojú ìwé méjì àárín. Ọmọ náà ní bí òun bá di igun àwòrán mú fà á, ìbú àti òró á jọ dàgbà. Bí òun bá di àárín ẹ̀gbẹ́ mú, ìbú nìkan ló ń fẹ̀. Àǹtí ní kó sáà ti kún. Ó kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti afunfèrè. Ọmọ náà ní kí wọ́n yẹ ojú kúrò lágbedeméjì, kò gbà. Ìgbà tí wọ́n ká ìwé, imú rẹ̀ bọ́ sójú ìká, irin tí wọ́n fi kan ìwé pọ̀ gún un ní àgbọ̀n. Àwòrán tó bá sì máa dé etí bébà, mílímítà mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá ààlà kí ọ̀bẹ lè rí jẹ. Etí Bùrọ̀dá àbíkẹ́yìn ló bọ́ sínú mílímítà mẹ́ta yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní òkú sin tàbí ìgbéyàwó ṣe, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi dọ́kúméǹtì, kí WhatsApp má baà dín in kù. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan jáde, kí wọ́n ká a, kí wọ́n kàn án, kí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ rí ara rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ẹ má sì rán ẹni tí kò fẹ́ràn yín lọ jókòó ti dìsáínà.